Ẹ Bi Àǹtí Eléré: Ṣé àwọn obìnrin Barcelona ti ń wálẹ̀ ni?

*Àǹtí Eléré, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mò ń gbé, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kí n má parọ́, torí ọmọ wa Asisat Oshoala ni mo ṣe ń wo bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin. Nígbà tó lọ sí Barcelona ní 2019, èmi náà bá a lọ. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní 2024, èmi ò lè kúrò mọ́. Wàhálà mi báyìí ni àbúrò ìyàwó mi, ọmọ Arsenal paraku. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti nà wá ní Lisbon ni kò ti jẹ́ kí n rímú mí. Ó ní ẹgbẹ́ náà ti parí. Ó ní àwọn tí kò lágbára ni wọ́n ń nà ní Sípéènì, pé bí wọ́n bá ti pàdé ẹgbẹ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní irọ́ ni, àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tò ó láti sáà dé sáà. Ṣé wọ́n ti ń wálẹ̀ lóòótọ́?*
*Baba Ìbejì, Ìkòròdú*

Baba Ìbejì, ẹ kú ìfaradà àna yín. Ìdajì ohun tó sọ jóòótọ́. Kó má tíì yọ̀ o, kó jókòó gbọ́ ìdajì tó kù.

Mo ní ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, rọ́bà ni mo fi dì í. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ tíṣà eré ìdárayá ni mo ti ní àṣà kan: bí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù, mo máa ń kọ ìṣẹ́jú tí góòlù wọlé sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbá a. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé 4-1, ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan jìyà, àmọ́ ẹ ò tíì mọ ìgbà tí ìyà náà bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú ló ń tú àṣírí ìyẹn. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo tú rọ́bà, mo wá gbogbo àṣekágbá Champions League tí àwọn obìnrin Barcelona ti gbá. Títí dé 2025, mẹ́fà ni: 2019, 2021, 2022, 2023, 2024 àti 2025. Wọ́n gba mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́ta.

Ojú ewé àkọ́kọ́, Budapest, ọjọ́ 18 oṣù Èbìbí 2019. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: 5, 14, 19, 30. Lyon, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Faransé, ló ni gbogbo rẹ̀. Dzsenifer Marozsán ló ṣí ilẹ̀kùn, Ada Hegerberg sì sọ mẹ́ta sáwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ààbọ̀ wákàtí péré, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nísàlẹ̀ ojú ewé náà, lẹ́yìn àlàfo gígùn, mo kọ "89, Oshoala", mo sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé òun ló gba ife.

Kò sẹ́ni tó wo eré yẹn tí kò ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ Barcelona mọ bọ́ọ̀lù í gbá fún ara wọn, wọn ò kàn lè sáré bá àwọn ará Lyon ni. Bí bọ́ọ̀lù bá ti já sẹ́yìn àwọn tó ń dáàbò bo ilé, ará Lyon ti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ẹ rántí pé Lyon ìgbà yẹn ti sọ ife náà di ti ìdílé: láti 2016 títí dé 2020, ọdún márùn-ún gbáko, kò sẹ́lòmíràn tó gbé e. Barcelona padà sílé, wọ́n sì kojú mọ́ agbára ara: eré sísá, irin gbígbé, gbogbo ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó mọ iṣẹ́ tún yá.

Àna yín lè sọ pé owó ni wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀. Ẹ bá mi bi í bóyá ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2015 sí 2019. Ọdún 2015 ni Barcelona sọ ẹ̀ka àwọn obìnrin di iṣẹ́ olówó oṣù, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba líìgì nígbà mẹ́rin léraléra. Kí ló tẹ̀ lé e? Odindi sáà mẹ́rin láìgba líìgì kankan! Athletic ti Bilbao gbé ti 2016, Atlético Madrid gbé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Owó ti wọlé, ife ò wọlé. Ọ̀pọ̀ alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí mo mọ̀, ní sáà kejì ni wọn ì bá ti tú ẹgbẹ́ ká, kí wọ́n lé gbogbo ènìyàn dànù, tó fi dórí ẹni tó ń fọ aṣọ.

Àwọn ará Barcelona ò tú u ká. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń yan akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lluís Cortés wà lára àwọn igbákejì kó tó gba ipò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019. Nígbà tó lọ ní 2021, igbákejì rẹ̀ Jonatan Giráldez ló bọ́ sí i. Nígbà tí Giráldez ré kọjá sí Amẹ́ríkà ní 2024, igbákejì tirẹ̀, Pere Romeu, ló gbà á. Ẹni tó ti ń to kóònù sí pápá ní àárọ̀ ló ń jogún ẹgbẹ́, torí náà kò sẹ́ni tó ń dé tí yóò ní kí àwọn ọmọ gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ lánàá.

Ní 2020, àrùn Kòrónà dá líìgì dúró, wọ́n fi Barcelona ṣe aṣíwájú tó gba ife. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League wáyé ní San Sebastián nínú oṣù Ògún. Ẹ fi orúkọ kan sọ́kàn fún mi níbí: Fridolina Rolfö, ọmọ Sweden. Wolfsburg ti Jámánì ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà, òun ló sì gbá góòlù kan ṣoṣo tó lé Barcelona lọ sílé. À ń bọ̀ wá bá a.

Ojú ewé kejì, Gothenburg, 2021, Chelsea ló wà níwájú wọn. 1, 14, 20, 36. Barcelona ló ni gbogbo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi ojú ewé náà lé ti Budapest lórí, mo rẹ́rìn-ín: ọgbẹ́ kan náà ni, ọwọ́ ló yí padà. Ohun tí Lyon fi ààbọ̀ wákàtí ṣe fún wọn, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi ṣe é fún ẹlòmíràn. Wọ́n gba líìgì, wọ́n gba ife Queen tí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Sípéènì ń du, wọ́n gba Champions League, gbogbo rẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo.

Ibi tí àna yín ti rí nǹkan sọ ló kàn. Sáà 2021 sí 2022. Ní líìgì Sípéènì, wọ́n gbá eré 30, wọ́n sì borí nínú gbogbo 30. Góòlù 159 ni wọ́n gbá wọlé, 11 péré ni wọ́n gbá sínú ilé wọn. Ẹ pín in, ó lé ní góòlù márùn-ún nínú eré kọ̀ọ̀kan. Mo ránti pé nígbà kan nínú sáà yẹn, mo sun lọ ní bíi ogún ìṣẹ́jú, mo jí, wọ́n ti gbá mẹ́ta sí i, mo sì tún sùn padà. Bó ṣe rí nìyẹn.

Wọ́n wá dé Turin ní ọjọ́ 21 oṣù Èbìbí 2022, Lyon ti jókòó dè wọ́n. Ojú ewé kẹta: 6, 23, 33. Amandine Henry jagun gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó wo òkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì ta á láti òkèèrè bọ́ sí igun òkè àwọ̀n. Hegerberg tẹ̀ lé e. Catarina Macario tẹ̀ lé e. Alexia Putellas dá ọ̀kan padà ní ìṣẹ́jú 41. Ní ìdajì kejì, Patri Guijarro rí i pé adílé ti jáde síwájú, ó ta bọ́ọ̀lù láti nǹkan bí àárín pápá, ó bá igi òkè. 3-1 ló parí sí.

Ìdí rẹ̀ nìyí, Baba Ìbejì. Bí ẹ bá ń na ènìyàn ní márùn-ún márùn-ún láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ títí dé oṣù Igbe, àwọn tó ń dáàbò bo ilé yín á máa dúró sí àárín pápá bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń fi èjìká gbá wọn. Wọn ò jìnnà sí góòlù torí ìgboyà, wọ́n jìnnà sí i torí pé kò sí nǹkan tí wọn ń ṣọ́. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ bá dé, wọ́n á fẹ́ sáré padà, ẹsẹ̀ á ti gbàgbé ọ̀nà. Mo rí i lára àwọn ọmọ ilé-ìwé tí mo kọ́: èyí tó borí gbogbo kíláàsì tó kéré sí wọn nínú ọdún ló máa ń sunkún jù lọ́jọ́ ìdíje ìpínlẹ̀. Líìgì tó rọrùn ń gba ife fún wọn, ó sì ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìdajì tí àna yín gbà nìyẹn, kó gbé e.

Ojú ewé kẹrin ló gba ìdajì kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Eindhoven, ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù 2023, Wolfsburg ló tún kò wọ́n lójú. Nígbà yẹn, orí YouTube ni wọ́n ti ń fi ìdíje náà hàn lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbé fóònù mi ti kọ́ọ̀bù, mo ń wò ó. Ìṣẹ́jú kẹta, Ewa Pajor gbà á lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbé e jáde, ó ta á wọlé. Ìṣẹ́jú 37, Alexandra Popp fi orí kàn án. 2-0, mo ní ó ti tán, Turin ti padà wá. Ní ìsinmi ìdajì eré ni dátà mi tán. Ẹ gbọ́, ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi wá káàdì? Kò ju mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n kọ 2-2 sí igun fóònù náà, mo rò pé eré àtijọ́ kan ni wọ́n ń fi hàn. Títí dòní, "48" àti "50" inú ìwé mi, bírò pupa ni mo fi kọ wọ́n, torí ọmọ kékeré tó ń gbé lókè mi ló kà wọ́n fún mi lẹ́yìn eré. Guijarro ló gbá méjèèjì, ẹni tí igi òkè já kulẹ̀ ní Turin.

Èyí tó tẹ̀ lé e, ojú mi kòrókòró ni mo fi rí i. Ìṣẹ́jú 70, àwọn Wolfsburg fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù jáde níwájú ilé wọn, ó kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó yí lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹni náà sì fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Rolfö ni. Rolfö tó lé wọn lọ sílé ní San Sebastián! Ọdún kan lẹ́yìn góòlù yẹn, Barcelona lọ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Wọn ò bá ẹni tó nà wọ́n ṣọ̀tá, wọ́n bá a dúnàádúrà. Pajor náà, ẹni tó kọ́kọ́ gbá wọn wọlé ní Eindhoven, wọ́n gbé e wá ní 2024.

Ṣé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ló ń ti 2-0 dé 3-2 nínú àṣekágbá?

Ti Bilbao ní 2024 kò gba àyè púpọ̀ nínú ìwé mi: 63, 95. Aitana Bonmatí, lẹ́yìn náà Putellas tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó sì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fi yọ̀. 2-0, Lyon ni wọ́n sì nà. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti bá Lyon pàdé nínú ìdíje náà kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n pàdánù. Wọ́n gba gbogbo ife mẹ́rin tó wà nílẹ̀ ní sáà yẹn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni àlàfo tó wà kó tó di 63. Wọn ò sáré, wọn ò bẹ̀rù òfo. Bẹ́ẹ̀ Chelsea ti wá nà wọ́n 1-0 nílé ara wọn ní ìpele tó ṣáájú, tí wọ́n lọ fi 2-0 dá a padà ní London.

Lisbon wá dé, oṣù Èbìbí 2025. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lójú ewé kẹfà: 74. Stina Blackstenius ti Arsenal. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n na Wolfsburg 10-2 nínú eré méjì, wọ́n na Chelsea 8-2 nínú eré méjì. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọn ò pàdé ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó pa wọ́n ni pé Arsenal rí ẹni méjì tí ara wọn ṣì tutù gbé wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, Beth Mead àti Blackstenius, kò sì pẹ́ rárá tí Mead fi bọ́ọ̀lù tó Blackstenius lẹ́sẹ̀. Barcelona wo bẹ́ǹṣì tiwọn, wọn ò rí irú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ń lọ láti àárọ̀. Ta ló wà láàárín pápá fún Arsenal lọ́jọ́ yẹn? Mariona Caldentey, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Barcelona, tó sì kúrò ní 2024. Lucy Bronze kúrò lọ́dún kan náà, ó gba Chelsea lọ. Keira Walsh tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, láàárín sáà. Tẹ́lẹ̀, Barcelona ló ń lọ mú Rolfö, tó ń lọ mú Pajor. Ní báyìí, ilé wọn ni àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣa ọjà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, Real Madrid nà wọ́n 3-1, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń bá ara wọn gbá. Síbẹ̀, wọ́n gba líìgì sáà náà, wọ́n gba ife Queen, wọ́n gba Super Cup.

Èsì mi nìyí: wọn ò wálẹ̀. Ẹgbẹ́ tó dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, láti 2021 dé 2025, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ pè é ní ẹgbẹ́ tó parí. Àmọ́ ẹ máa ṣọ́ ẹni tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà òjò kọ̀ọ̀kan ju bí ẹ ṣe ń ṣọ́ góòlù lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí àna yín dákẹ́ díẹ̀, ẹ bi í pé kí Lisbon tó dé, ọdún wo ni Arsenal gba ife náà kẹ́yìn. 2007 ni. Ẹ bi í ọdún mélòó ni òun fúnra rẹ̀ nígbà yẹn.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, nọ́ńbà 9 ni mò ń gbá. Kóòṣì wa kì í sábà bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú mi, ìdajì kejì ló máa ń gbé mi wọlé. Bàbá mi ní kí n fi sílẹ̀ kí n kọjú mọ́ ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé Oshoala pàápàá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní Barcelona. Ṣé lóòótọ́ ni mà?*
*Ọmọ Iwájú, Ṣàgámù*

Ọmọ mi, òótọ́ ni. Nínú àṣekágbá 2019 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán, ìdajì kejì ló wọlé. Ní 2021 tí wọ́n gba ife, ìdajì kejì náà ni.

Kì í sì í ṣe ọmọ tí a ò mọ̀ ló dé ibẹ̀ o. Ó ti gbá fún FC Robo àti Rivers Angels nílé. Ní 2014, nínú Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún lọ ní Kánádà, òun ló gbá góòlù jù, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì ló gba ife. Ó lọ sí Liverpool ní 2015, ó lọ sí Arsenal, ó lọ sí Dalian ní Ṣáínà. Nígbà tó fi máa dé Barcelona ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, wọ́n kàn yá a lọ ni, wọn ò tíì rà á. Ẹni tí wọ́n ti pè ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n yá bí àga ìnáwó.

Mo fẹ́ kí o lọ wo góòlù Budapest yẹn. Má wo góòlù náà nìkan, wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. 4-0 ló wà lójú pátákó, ó ku ìṣẹ́jú kan kí 90 pé. Àwọn kan láàárín pápá ti ń rìn. Oshoala ṣì ń sá kúrò lẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó ń yọ sí àlàfo, ó ń nawọ́ béèrè bọ́ọ̀lù, títí tí bọ́ọ̀lù fi dé. Wọ́n rà á pátápátá lẹ́yìn sáà yẹn.

Ní sáà 2021 sí 2022, ìpalára mú un kúrò nínú eré fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ góòlù 20 ló gbá wọlé ní líìgì, òun àti Geyse ti Madrid CFF sì jọ pín ẹ̀bùn ẹni tó gbá góòlù jù. Ó kúrò ní oṣù Èrèlè 2024 lọ sí Bay FC ní Califonia, ẹgbẹ́ tuntun tí kò tíì gbá eré kankan rí. Góòlù àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà, òun ló gbá a, nígbà tí wọ́n na Angel City 1-0. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó ti gba ẹ̀bùn Áfíríkà báyìí.

Ti bàbá rẹ, má bá a jiyàn. Gbé èsì ìdánwò tó dára wá sílé, kí o sì jẹ́ kó wá wo eré rẹ lẹ́ẹ̀kan. Kí o tó wọlé ní ìdajì kejì, o ní ìṣẹ́jú 45 tí o lè fi wo ẹni tó ń dáàbò bo ilé wọn: ẹsẹ̀ wo ló ń fi yí padà? Ta ló ti rẹ̀? Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré kò rí àyè wo ìyẹn. Bí o bá ń fi fóònù ṣeré lórí bẹ́ǹṣì, èmi pẹ̀lú kóòṣì rẹ ni.

*Àǹtí, mo kà á níbì kan pé wọ́n lé àwọn obìnrin Barcelona kúrò nínú ife Queen ní 2023, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti borí. Kí ni wọ́n ṣe?*
*Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Adó-Èkìtì*

Wọ́n na Osasuna 9-0, wọ́n sì pàdánù. Geyse tí mo dárúkọ lókè yẹn ló fà á. Barcelona ti rà á láti Madrid CFF ní 2022, ṣùgbọ́n ó ní ìjìyà káàdì pupa kan láti inú ife Queen ti sáà tó ṣáájú, èyí tí kò tíì jẹ tán. Ìjìyà ife máa ń bá agbábọ́ọ̀lù kọjá láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì, bí gbèsè. Wọn ò yẹ ìwé wò dáadáa, wọ́n gbé e wọlé, àjọ bọ́ọ̀lù Sípéènì sì yọ wọ́n kúrò. Góòlù mẹ́sàn-án, wọ́n sì fún ẹni tó jẹ ẹ́ láyè láti tẹ̀ síwájú. Sáà yẹn kan náà ni ti Eindhoven o, torí náà iṣẹ́ akọ̀wé nìkan ló já ife kan gbà lọ́wọ́ wọn. Ìwọ tó ń kọ́ òfin, ṣé o rí i pé iṣẹ́ wà fún ọ nínú bọ́ọ̀lù?

*Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ mi ní irọ́ ni pé èèyàn tó lé ní ẹgbàá márùnlélógójì wá wo obìnrin gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ bá mi dá a lóhùn.*
*Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́*

Ẹ fi èyí hàn án. Ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà 2022, Camp Nou, Barcelona 5, Real Madrid 2: èèyàn 91,553. Ọjọ́ 22 oṣù Igbe, ọdún kan náà, pápá kan náà, Barcelona 5, Wolfsburg 1: èèyàn 91,648. Bí ó bá ní ìjókòó ọ̀fẹ́ ni, ẹ sọ fún un pé pápá Johan Cruyff tí wọ́n ti ń gbá ọ̀pọ̀ eré líìgì wọn kò gbà ju nǹkan bí 6,000 èèyàn lọ, kó wá ṣírò iye ìgbà tí a máa kó o kún kó tó tó ti ọjọ́ Wolfsburg. Kó fi bírò ṣe é, kó má fi orí ṣe é.